Ìwé tí wọ́n fi wọn òṣì ní Nàìjíríà: mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ka ìwé Multidimensional Poverty Index tí National Bureau of Statistics, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò nípa ìlú, gbé jáde ní November 2022. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dátà yín nìkan lẹ máa ná.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé kì í ṣe eélòó ló ń wọlé fún ẹ ni wọ́n fi mọ̀ bóyá ìyà ń jẹ ẹ́. Omi wo lẹ̀ ń mu, ṣé ó ń yọ déédéé, ilé ìgbẹ́ ńkọ́, kí lẹ fi ń dáná, ṣé ọmọ ń lọ síléèwé, ṣé ọsibítù ò jìnnà jù, ṣé iṣẹ́ wà, ṣé ọkàn yín balẹ̀ ládùúgbò. Nǹkan 15 ni gbogbo ẹ̀, ilé tó lé ní 56,000 ni wọ́n sì wọ̀ ní ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá.

Èyí tí wọ́n fi owó nìkan wọ̀n ní 2018/2019, 40.1% ló pè ní tálákà. Ìwé yìí mú 63% jáde, mílíọ̀nù 133 èèyàn! Lóòótọ́ ọdún wọn yàtọ̀, ohun tí wọ́n ń wọ̀n náà ò sì jọra, àmọ́ ẹ wo Bayelsa, níbi tí Oloibiri wà tí wọ́n ti rí epo rọ̀bì ní 1956, ó lé ní 88% àwọn ará ibẹ̀ tó wà nínú òṣì yìí, Sokoto nìkan ló ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa pẹ̀lú 91%. Ondo ló kéré jù, 27%, ẹ̀yin ará Ondo ẹ má tíì jó o, ẹni kan lé nínú mẹ́rin ṣì nìyẹn.

Ti ìdáná ló dùn mí jù. Ó ju ìdajì àwọn èèyàn wa lọ tó ń fi igi, èédú tàbí ìgbẹ́ ẹran dáná, èéfín yẹn ń wọ ìyá àtọmọ lójú àti nínú ẹ̀dọ̀fóró lójoojúmọ́, kò sì sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ríyẹn nínú owó tó ń wọlé.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ, torí pé ó ti pẹ́ ni. November 2021 sí February 2022 ni wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ìjọba ò tíì yọ owó ìrànwọ́ orí epo nígbà yẹn, May 2023 nìyẹn ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ohun tí gáàsì àti ọkọ̀ dà látìgbà náà. Síbẹ̀ ó pín èsì dé àgbègbè sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ wá tiyín, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ bá sẹ́nétọ̀ yín.