Ẹ̀fọ́ rírẹ́ inú ọ̀rá ní Adó-Èkìtì: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó

Kò sí ọjà tí èèyàn máa dé ní Adó-Èkìtì báyìí tí kò ní rí i: ugu, ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n ti rẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sínú ọ̀rá, àti ewúro tí wọ́n ti gbo, tí wọ́n fún ní ìṣù ìṣù. Fún ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé tí iyán ṣì ń dúró dè é, ìrọ̀rùn ńlá ni. Ti ìmọ́tótó ni ẹjọ́ wà.

Odidi ewé ní awọ tó ń dáàbò bò ó. Bí ọ̀bẹ bá ti kàn án, oje á jáde, oje yẹn sì ni oúnjẹ fún kòkòrò àìfojúrí bíi E. coli àti Salmonella. Bí ibẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó sì ní ọ̀rinrin, E. coli lè di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Nítorí èyí ni ìlànà oúnjẹ Amẹ́ríkà ṣe ní kí ewé rírẹ́ má kọjá 5°C. Orí tábìlì lọ́jà wa kì í tutù tó bẹ́ẹ̀ láé.

Ẹ yí ọ̀rá náà lọ́wọ́. Bí omi aláwọ̀ ewé bá ti gbá jọ sí ìdí rẹ̀, tí etí ewé ti dúdú, tàbí tó ń yọ̀ bí ilá, ẹ fi í sílẹ̀. Ewúro ló léwu jù, torí ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbo ó, inú omi kan náà ni ìṣù púpọ̀ sì ti ń jáde. Ẹ gbóòórùn rẹ̀: bó bá ti kan, ó ti pẹ́ nílẹ̀.

Odidi ìdì ẹ̀fọ́ la fara mọ́. Ẹ já ewé kúrò lára igi, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ, ó kéré tán omi mẹ́ta, títí iyanrìn kò fi ní sí nísàlẹ̀ abọ́ mọ́. Ẹ máa kó ewé jáde látinú omi. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ajọ̀, iyanrìn á tún padà sórí ewé. Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Iyọ̀ náà kò pa kòkòrò wọ̀nyí tán.

Iná ló ń pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ń ba iṣẹ́ iná jẹ́: wọ́n á bọ ẹ̀fọ́ tán, wọ́n á tún fi omi kànga tútù ṣàn án, wọ́n á fi ọwọ́ lásán fún un, wọ́n á wá kàn rò ó mọ́ ata tí kò gbóná mọ́. Ẹ jẹ́ kí ata máa hó kí ẹ̀fọ́ tó wọ̀ ọ́, kó sì tún hó lẹ́yìn rẹ̀.

Kábéèjì àti lẹ́tíìsì tí wọn kò ní í fojú kan iná, ẹ má ra rírẹ́ rẹ̀ rárá. Ẹni tó ń tà á nílé oúnjẹ lè po ṣíbí ìjẹun kan (15 ml) bílíìsì 3.5% tí kò ní lọ́fínńdà mọ́ omi lítà 10, kó ri ewé tó ti fọ̀ sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, kó fi omi mímu ṣàn án, kó sì rẹ́ ẹ lórí pátákó tí ẹran kò kàn. Bó bá ti kúrò nínú fíríìjì ju wákàtí méjì lọ, kó dà á nù.

Fún ẹ̀fọ́ rírò tí ẹ máa sè lójú ẹsẹ̀, ẹ lè ra ti inú ọ̀rá bí wọ́n bá rẹ́ ẹ lójú yín. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó bá gbé kúlà oníyìnyín sábẹ́ tábìlì, tó sì ń fi omi mímọ́ fọ ọ̀bẹ rẹ̀, bó bá fi owó yìnyín kún owó ẹ̀fọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ san án fún un.