Búkà àárọ̀ kan ní Bódìjà tí ò ta búrẹ́dì

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn tẹ́ ẹ máa ń béèrè ibi téèyàn ti lè jẹun àárọ̀ gidi, búkà kékeré kan wà nítòsí ọjà Bódìjà tí mo fẹ́ kí ẹ dé.

Wọn ò ta búrẹ́dì níbẹ̀ o. Mo bi àǹtí tó ni ibẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú sà, àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe fúláwà, òkè òkun ni púpọ̀ ẹ̀ ti ń wá, tí dọ́là bá ti gbéra báyìí ẹ̀yin náà lẹ máa san án, ẹ jẹ́ n bá yín dín dùńdú." Iṣu Òkè-Ògùn ló fi dín in, ó jinná dénú, kò mu epo.

Ògì wọn ńkọ́? Àwọn fúnra wọn ló ń rẹ àgbàdo fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, ó máa ń kan dáadáa, tó bá sì ti tán, ó tán nìyẹn, wọn ò ní bù omi lé e kó lè kárí. Èérí ògì àti èèpo ẹ̀wà ò sí nínú gọ́tà rárá, ìyá kan tó ń sin ewúrẹ́ ló ń wá kó o, mo ti bá a níbẹ̀ tó ń rọ ọ́ sínú àpò.

Àmọ́ mọ́ínmọ́ín ni tèmi. Ewé eéran ni wọ́n fi ń pọ́n ọn, kì í ṣe náílọ́ọ̀nù, kì í ṣe agolo. Tẹ́ ẹ bá tú u, ìlà ara ewé á ti hàn lára ẹ̀ ketekete, epo á ti sun síbi tó ṣóńṣó nísàlẹ̀, òórùn ewé yẹn nìkan tó jẹ oúnjẹ. Ẹ̀wà olóyin ni, òkè Ọya ló ti ń wá, wọn ò sì parọ́ fún mi pé ìtòsí ni, mo gbóríyìn fún wọn fún ìyẹn. Wàrà wọn, ọwọ́ àwọn obìnrin Fúlàní ni wọ́n ti ń rà á, èyí tí wọ́n fi ewé bọmubọmu mú kó dì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé oúnjẹ lọ, ẹ mú kúlà tiyín dání. Èkó ti fòfin de ike funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di oúnjẹ láti 2024, àwọn tibí ò dúró de òfin kankan.

Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n fowó kún mọ́ínmọ́ín lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn torí ewé wọ́n, ẹ̀yìn ìgbà tí mo jẹ ẹ́ tán ni wọ́n tó sọ. Kò dáa bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ síta. Àkàrà náà máa ń pẹ́ torí ẹ̀yìn tẹ́ ẹ bá béèrè ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ po ó kí wọ́n tó dín in, tẹ́ ẹ bá ń kánjú lọ síbi iṣẹ́, ògì àti mọ́ínmọ́ín ni kẹ́ ẹ gbà. Ní Sátidé, ẹ tètè dé, kó tó di aago mẹ́sàn-án.