Ẹ̀rọ CPAP ní Adó-Èkìtì: ohun tí ó ṣe fún oorun mi àti fún ẹ̀jẹ̀ ríru

Àpótí kékeré ni CPAP, kò ju rédíò orí tábìlì lọ, ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú rọ́bà gígùn kan sínú ìbòmú tí a so mọ́ ojú kí a tó sùn. Dókítà ni ó ní kí n rà á lẹ́yìn tí àyẹ̀wò oorun fi hàn pé èémí mi ń dá dúró ju ìgbà 30 lọ láàárín wákàtí kan, èyí tí wọ́n kà sí àìsàn èémí dídá dúró lójú oorun (sleep apnea) tó le. Ìyàwó mi ti sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́, láìlo ẹ̀rọ àyẹ̀wò kankan.

Nígbà tí oorun bá wọra, ẹran inú ọ̀fun ẹni tó ní àìsàn yìí á dẹ̀, á sì dí ọ̀nà èémí. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, ọpọlọ á ta gìrì, ọkàn á máa sáré, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ á sì fún pọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó rọlẹ̀ lóru ni yóò máa ru títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Colin Sullivan, dókítà kan ní Sydney ní orílẹ̀-èdè Australia, ni ó ṣe irú ẹ̀rọ yìí àkọ́kọ́ ní 1980, kí agbára atẹ́gùn lè máa mú kí ọ̀nà ọ̀fun wà ní ṣíṣí.

Ní ti oorun, ó ṣe ohun tí wọ́n ní yóò ṣe. Híhanrun dẹ́kun, orí fífọ́ àárọ̀ lọ, n kò sì tòògbé nínú ọkọ̀ mọ́ láàárín Adó sí Ìkẹ́rẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó gba àlàyé. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi wí pé, “Bàbá, ẹ ó gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.” Irọ́ ọjà ni. Ohun tí ìwádìí púpọ̀ fi hàn ni pé, bí a bá pín in dọ́gba láàárín gbogbo àwọn tó ń lò ó, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ń fi nǹkan bíi 2 sí 3 mmHg (òṣùwọ̀n tí a fi ń ka ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) péré lọ sílẹ̀. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò rọlẹ̀ bí wọ́n tilẹ̀ ń lo oríṣi oògùn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sábà máa ń jàǹfààní díẹ̀ sí i, bí wọ́n bá ń fi ìbòmú náà sùn fún ó kéré tán wákàtí mẹ́rin lóru. Nínú ìwádìí SAVE tó jáde ní 2016, lára àwọn tó ti ní àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ náà kò dín ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kù, àmọ́ wákàtí mẹ́ta ó lé díẹ̀ ni wọ́n ń lò ó lóru. Nọ́ńbà òkè tèmi, tó máa ń wà láàárín 150 sí 160, kì í sábà kọjá 140 mọ́. Ṣùgbọ́n mo ti dín iyọ̀ àti màgí inú ọbẹ̀ kù, dókítà kò sì tíì yọ oògùn kankan, nítorí náà n kò lè kó gbogbo ìyìn fún ẹ̀rọ.

Iná ni mo fi yọ àmì kan nínú márùn-ún tí ǹ bá fún un. Bí NEPA bá mú iná lọ lóru, atẹ́gùn á dákẹ́. Ìbòmú tó bo imú àti ẹnu ní fáàfù tí kì í jẹ́ kí èémí há, ṣùgbọ́n oorun ti bàjẹ́ nìyẹn. Ta ni yóò máa tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú nítorí oorun, pẹ̀lú ariwo àti èéfín rẹ̀? Inverter àti bátìrì ló bá a mu, ẹ sì níláti ka owó wọn mọ́ owó ẹ̀rọ. Bátìrì á pẹ́ sí i bí ẹ bá pa ohun tó ń mú omi inú ike CPAP gbóná kí atẹ́gùn má baà gbẹ, àmọ́ nígbà ọyẹ́, tí ètè gbogbo Èkìtì ń là, ẹ kò ní lè pa á, nítorí imú á gbẹ. Omi distilled, ìyẹn omi tí a kó jọ láti ara oru omi híhó, ni kí ẹ lò, kì í ṣe omi kànga tó ń fi ìdọ̀tí funfun lẹ̀ mọ́ ìdí ike, kí ẹ má sì lo omi bátìrì ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Ẹ wọ ìbòmú wò dáadáa kí ẹ tó sanwó, ní ìdùbúlẹ̀ bí wọ́n bá gbà yín láàyè. Irùngbọ̀n ń jẹ́ kí atẹ́gùn jò bọ́ sójú. Mo fá tèmi.

Ẹ ṣọ́ra fún tòkunbọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ Philips pe ọ̀pọ̀ CPAP rẹ̀ padà nítorí pé fóòmù tó ń pa ariwo inú rẹ̀ lè jẹrà, kí èérún rẹ̀ sì wọ imú ẹni tó ń lò ó. Ẹ yẹ orúkọ àti nọ́ńbà tó wà ní ìdí ẹ̀rọ wò, kí ẹ fi wé ti àwọn tí wọ́n pè padà; bí òǹtajà kò bá jẹ́ kí ẹ wò ó, ẹ fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ fún un.