Fífi irinṣẹ́ AI kọ skíríìptì fún àwòṣe ojú ìwé nínú Scribus: Àgbéyẹ̀wò

Iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù lọ́wọ́ mi ni títo ìwé ètò ìsìnkú, èyí tí a máa ń gbé lọ bá àwọn onítẹ̀wé ní Ṣómólú, nílùú Èkó. Àwọn ìwé wọ̀nyí kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra: ìwọ̀n A5, èèpo ẹ̀yìn aláwòrán, ètò ìsìn, ìtàn ìgbésí ayé olóògbé, ọ̀rọ̀ ìdárò láti ọ̀dọ̀ ọmọ àti ẹbí, lẹ́yìn náà àwòrán rẹpẹtẹ. Nítorí pé a ó ká a sí méjì, a ó sì fi píìnì gún un láàárín, iye ojú ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin-mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹbí kì í sábà fi ọ̀rọ̀ ìdárò tí ó kẹ́yìn ránṣẹ́ títí di òru tí ó ṣáájú títẹ̀. Ìnira yìí ni mo fẹ́ kí irinṣẹ́ AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá) bá mi dín kù.

Scribus, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to ojú ìwé, ni mo ń lò. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ní àyè tí a ti lè fi Python, èdè tí a fi ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, pàṣẹ fún un. Mo ṣàpèjúwe ojú ìwé tí mo ń fẹ́ fún ọ̀kan nínú àwọn irinṣẹ́ AI tí a máa ń bá fọ̀rọ̀ wérọ̀, òun ni ó sì ń kọ skíríìptì, ìyẹn àkójọ àṣẹ tí Scribus yóò tẹ̀ lé. Bí mo bá kàn ní kí ó ṣe ìwé ètò ìsìnkú tí ó lẹ́wà fún mi, àwọn àpótí tí wọ́n gun orí ara wọn ni mo ń rí gbà, nítorí pé kò rí ojú ìwé rárá; nọ́ńbà lásán ni ó ń kọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fún un ní ìwọ̀n, pé ojú ìwé jẹ́ mìlímítà 148 sí 210, pé àlàfo etí jẹ́ mìlímítà 12, pé mìlímítà 3 wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ọ̀bẹ onítẹ̀wé yóò gé dànù, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ju bí mo ti retí lọ.

Ibi tí ó ti wúlò jù lọ ni ọ̀rọ̀ ìdárò, tí gígùn rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Scribus ní àṣẹ kan tí ń jẹ́ textOverflows, tí ó ń sọ bóyá ọ̀rọ̀ ti kún àpótí kọjá. Skíríìptì náà ń bi í léèrè. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹ́ kù, yóò fi ojú ìwé mìíràn kún un, yóò so àpótí tuntun mọ́ ti ìṣáájú, yóò sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ yóò fi wọlé. Lẹ́yìn náà ni yóò ka ojú ìwé, tí yóò sì fi èyí tí ó bá yẹ kún un kí iye náà lè ṣeé fi mẹ́rin pín. Ìdárò tí ó dé lóru kò tún ba ohun tí a ti tò sílẹ̀ jẹ́ mọ́.

Àléébù rẹ̀ kò kéré ṣá o. Python 3 ni Scribus 1.6 ń lò, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ AI náà a máa kọ àṣẹ ní ìlànà Python 2, tí ó jẹ́ ti àtijọ́, nígbà mìíràn, a sì tún máa dá orúkọ àṣẹ tí kò sí níbì kankan sílẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú tí ó lè tan ẹni tí kò mọ̀. Ohun tí ó wo èyí sàn ni kí a da àkójọ àṣẹ inú ìwé ìtọ́nisọ́nà Scribus sínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà, kí a sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ lo èyí tí kò sí níbẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀, n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti jẹ́ kí irinṣẹ́ yìí fọwọ́ kàn án. Ó máa ń yí àmì ohùn padà láìjẹ́ pé a rán an níṣẹ́, ta ni yóò sì ṣàlàyé fún ẹbí pé oríkì bàbá wọn ti di nǹkan mìíràn? Inú fáìlì UTF-8 (irú fáìlì tí ń gba àmì ohùn Yorùbá) lórí kọ̀ǹpútà mi ni skíríìptì ti ń kó ọ̀rọ̀; orúkọ fáìlì nìkan ni AI mọ̀, àṣírí ẹbí kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ tún kíyè sí fọ́ǹtì. Lẹ́tà bí ẹ́ àti ọ̀ kò ní kóòdù ẹyọ kan nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà. Ńṣe ni a ń lẹ àmì ohùn mọ́ wọn lórí, fọ́ǹtì tí kò bá sì mọ ibi tí àmì náà yẹ kí ó wà yóò gbé e sí ẹ̀gbẹ́. Charis SIL tàbí Noto Serif ni mo kọ sínú skíríìptì.

Ẹni tí ó ń lo InDesign, ètò mìíràn tí a fi ń to ojú ìwé, lè fi èdè JavaScript ṣe irú iṣẹ́ yìí, àmọ́ bí ó bá jẹ́ káàdì ìpè tí orúkọ nìkan ń yí padà lórí rẹ̀ ni, Data Merge inú rẹ̀, tí ń fa orúkọ láti inú àkójọ sórí káàdì, ti tó, kò nílò AI. Èèpo ẹ̀yìn ni mo ṣì ń fọwọ́ ara mi tò. Àwọn ìyókù ń lọ lórí skíríìptì tí mo ti fi pamọ́, tí kò nílò dátà kankan mọ́ láti ìgbà tí ó ti pé.