Èédú, gáàsì àbí iná mànàmáná: èwo ni kí ẹ rà ní Ìlọrin?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ohun ìdáná, ì báà jẹ́ ní Táíwò tàbí Ọjà Ọba, èló ni wọ́n ń tà á ló máa ń kọ́kọ́ bi. Owó yẹn ni kò le. Sítóòfù èédú onípáànù kò wọ́n rárá, àmọ́ ojoojúmọ́ ló ń jẹ owó lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Iye tí ìkòkò ẹ̀wà kan máa ná yín kó tó jinná ni kí ẹ fi wọ́n wéra.

Ìṣirò tí mo fi ń wò ó rèé. Ooru tó ń wọ inú ìkòkò láti ara kílò gáàsì kan tó nǹkan bíi ti yúnìtì iná 10 lórí họ́ọ̀tì pléètì, tàbí kílò èédú 4 lórí sítóòfù onípáànù. Ẹ bèèrè iye tí wọ́n ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ládùúgbò yín, kí ẹ sì ro ó. Kẹrosíìnì ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí mọ́; ó wọ́n, ó ń rùn, ó sì ń mú ìdí ìkòkò dúdú.

Iná mànàmáná

Ẹni tí iná ń wà fún jù ni ìdáná yìí wọ́n fún jù. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà, gbé owó yúnìtì kan lọ sí náírà 225 fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí iná wà fún wákàtí 20 lójúmọ́. Nígbà tó di oṣù Keje, ó di náírà 209.5. Yúnìtì 10 ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà nìyẹn. Wọn ò fi kún ti Band B dé E, àwọn tí iná wọn kì í tó bẹ́ẹ̀, nígbà náà. Nítorí náà, bí ẹ ò bá sí ní Band A, họ́ọ̀tì pléètì lè dínwó ju gáàsì lọ, bí iná bá wà. Àmọ́ àmàlà tí iná lọ lórí ẹ̀, ta ló fẹ́ gbé e fún àlejò? Ẹ wo ìdí họ́ọ̀tì pléètì kí ẹ tó sanwó: èyí tó jẹ́ 1,000 wáàtì ń jẹ yúnìtì kan ní wákàtí kan, 2,000 ń jẹ méjì.

Èédú

Èédú tó ń wọ Ìlọrin, láti ìhà Mórò, Kaiama àti Bàrùtẹ́n ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Kí wọ́n tó rí kílò kan nínú ebu, ibi tí wọ́n ti ń sun igi di èédú, tí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ bò, igi tó ń bá a lọ máa ń tó kílò 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Igi líle ni wọ́n ń wá: ayìn, emi. Emi yìí náà ló ń so èso tí wọ́n ń fi ṣe òrí, ó sì ń tó ọdún 15 sí 20 kó tó so dáadáa. A ń kun òrí fọ́mọ, a tún ń fi ìyá òrí dáná.

Bí ẹ bá máa lò ó síbẹ̀, ẹ yéé ra onínáílọ́ọ̀nù. Àpò ló dínwó. Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ rà á, torí tòjò máa ń tutù, ó sì máa ń wọ́n. Ẹ mú ẹyọ méjì, ẹ kàn wọ́n mọ́ra: èyí tó dára máa ń dún gooro, ojú ibi tó bá ti kán á sì máa dán. Èyí tó bá ń rún sọ́wọ́, igi fúyẹ́fúyẹ́ ni. Ẹ ní kí wọ́n tú ìdí àpò náà fún yín, ibẹ̀ ni eruku máa ń pọ̀ sí.

Dípò páànù, mo fara mọ́ àdògán amọ̀ tó nípọn. Àwọn ìyá amọ̀kòkò ń bẹ ní Dada, l'Ókèlélé. Amọ̀ kì í jẹ́ kí ooru tètè sá, èédú tó ń lọ síbẹ̀ á dín kù. Ẹ má da omi sí i nígbà tó bá gbóná, yóò sán. Bí ọyẹ́ bá mú, ẹ má gbé e wọ yàrá tí wọ́n tì pa. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára èédú kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun.

Gáàsì

Òun ni mo máa ní kí ọ̀pọ̀ ilé rà. Sìlíńdà kílò 6 tó fún èèyàn mẹ́ta sí mẹ́rin; 12.5 dára fún ilé ńlá. Ẹ wo T.W. tí wọ́n tẹ̀ sára ọrùn rẹ̀: ìwọ̀n sìlíńdà òfìfo nìyẹn. Bí wọ́n bá rọ gáàsì tán, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, ẹ yọ T.W. kúrò, ohun tó kù ni gáàsì tí ẹ sanwó fún. Èyí tí ìdí rẹ̀ ti dípẹtà, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Ẹ fi ìfófòó ọṣẹ pa ojú họ́ọ̀sì àti rẹ́gúlétọ̀. Bó bá ń hó, gáàsì ń jò. Iná búlúù ni ẹ fẹ́. Bó bá di yẹ́lò tó sì ń mú ìkòkò dúdú, ẹ fọ bọ́nà, ẹ sì fi abẹ́rẹ́ tú ojú ihò rẹ̀.

Gáàsì fún ọbẹ̀ àti àmàlà, àdògán fún ẹ̀wà àti èkuru: bí ilé tó ní àyè ṣe lè ṣe é nìyẹn. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi lálẹ́, ẹ da omi náà nù láàárọ̀, ẹ fi ìdérí tó bá ẹnu ìkòkò mu dé e. Bó bá ti ń rọ̀ bọ̀, ẹ má kó èédú tuntun sí i mọ́; èyí tó wà nílẹ̀ á sè é dé ojú ẹ̀.