Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń ra Ruger àtijọ́: súkúrù mẹ́ta nìkan ò tó

Ẹ̀yin ará wa ní Houston àti agbègbè rẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìbọn ìléwọ́ tí à ń fi àtàǹpàkò kẹ́ òòlù rẹ̀ kí a tó yìn ín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ dákun, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí dópin. Oníṣòwò kan wà tó máa ń pàtẹ ní ọjà ìbọn tí wọ́n ń ná ní òpin ọ̀sẹ̀. Ìbọn tí ilé iṣẹ́ Ruger ń ṣe, tí à ń pè ní Blackhawk àti Single-Six, ló ń tà jù, ó sì ń purọ́ nípa wọn fún àwọn èèyàn wa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí. Irọ́ tó ń pa gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, torí ọ̀kan nínú rẹ̀ lè gba ẹ̀mí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti owó. Ruger bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Single-Six ní 1953, Blackhawk tẹ̀lé e ní 1955, Super Blackhawk ní 1959. Àwọn tí wọ́n ṣe títí di 1972 ni à ń pè ní Old Model. New Model dé ní 1973, òun náà ni wọ́n sì ń ṣe títí di òní. Àwọn tó ń kó ìbọn jọ máa ń san owó gọbọi lórí Old Model tí ẹnikẹ́ni ò tíì tú inú rẹ̀ wò. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin yìí fi ń pe gbogbo èyí tó bá ti gbó díẹ̀ ní Old Model.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ férémù ìbọn náà, lókè irin róbótó tó yí tírígà ká. Súkúrù mẹ́ta ló wà lára Old Model, ẹ ó sì rí ojú ibi tí a ti ń fi irin tú wọn. Píìnì méjì péré ló wà lára New Model, orí wọn ń dán, kò sí ojú kankan lára wọn. Wọ́n tún kọ “New Model” sára férémù fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán tí ọkùnrin yìí ń fi ránṣẹ́ sí oníbàárà kì í hàn débẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa kan ra Blackhawk lọ́wọ́ rẹ̀ ní iye Old Model. Nígbà tí a gbé e sábẹ́ iná, ohun tí a kà lára ọ̀pá rẹ̀, ibi tí ọta ń gbà jáde, ni pé ọdún igba òmìnira Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é. Àwọn ìbọn tí Ruger ṣe ní 1976 ló ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn. Old Model ti kásẹ̀ nílẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn! Bákan náà, bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ gígùn lára ọ̀pá tó ní kí ẹ ka ìwé ìlànà kí ẹ tó lo ìbọn, ọ̀pá yẹn kì í ṣe ti ayé Old Model. Ẹ tún lè tẹ nọ́ńbà ara ìbọn sí ìkànnì Ruger, wọn yóò sọ ọdún tí wọ́n ṣe é fún yín, lọ́fẹ̀ẹ́.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí.

Nínú Old Model, bí òòlù bá wà nílẹ̀, orí píìnì tó ń gún ìdí ọta ló sinmi lé. Bí ọta bá wà níwájú píìnì náà, tí ìbọn sì já bọ́ fi òòlù gbálẹ̀, tàbí tí nǹkan lu òòlù náà, ìbọn lè dún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan tírígà. Nítorí náà, ọta márùn-ún là ń kó sínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ihò mẹ́fà ló ní, a ó sì jẹ́ kí òòlù sinmi lórí ihò tó ṣófo. Ọ̀rọ̀ yìí ti gbé Ruger dé ilé ẹjọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀kan dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Alaska ní 1979: ìbọn dún nínú mọ́tò, ọta sì wọ ẹsẹ̀ ẹni tó ni ín.

Nínú New Model, òòlù ò lè dé ọ̀dọ̀ píìnì fúnra rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan ló ń gòkè wá sáàárín wọn nígbà tí a bá fa tírígà, òun ló ń gbé agbára òòlù dé ara píìnì. Bí ẹ ò bá fa tírígà, irin yẹn ò sí níbẹ̀, òòlù á kàn gbá férémù lásán. Láti 1982 ni Ruger ti ń fi irú irin yìí sínú Old Model fún ẹnikẹ́ni tó bá fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, láìgba kọ́bọ̀, wọn á sì dá àwọn irin àtijọ́ tí wọ́n yọ padà fún un.

Súkúrù mẹ́ta yẹn ò kúrò lára ìbọn tí wọ́n bá ti ṣe báyìí. Ìbòjú tí oníṣòwò yìí ń lò nìyẹn. Bó bá rí ẹni tó ń kó ìbọn jọ, á ní, “Ọwọ́ ò kàn án rí,” nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ inú rẹ̀, àpò irin àtijọ́ ò sì sí. Bó bá rí ẹni tó fẹ́ máa gbé e rìn, á ní, “Ruger ti tún un ṣe, ẹ kó mẹ́fà sí i.” Irọ́! Mo dúró nídìí tábìlì náà nígbà tó sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n wa kan, ìbọn tó sì ń nà sí wọn, ti àtijọ́ pátápátá ni. Ẹni tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí kí ọjà lè tà, ìkà ni.

Ẹ ó rí i pé okùn ike ni wọ́n fi ń so òòlù ìbọn mọ́lẹ̀ ní ọjà wọ̀nyí. Ẹ ní kó gé e níṣojú yín. Èyí tó bá kọ̀, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Bó bá gé e, ẹ ní kó ṣí ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìlíńdà, ìyẹn irin róbótó tí ihò ọta wà nínú rẹ̀, kó sì yí i, kí ẹ fi ojú wo ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé kò sí ọta. Ẹ tì í padà, ẹ kọ ẹnu ìbọn sí ibi tí kò séèyàn, kí ẹ wá rọra kẹ́ òòlù sẹ́yìn títí tó fi dúró. Old Model tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn á ké kọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin bó ṣe ń lọ sẹ́yìn. Ti New Model kì í tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi iná fóònù wo àlàfo iwájú òòlù. Bí irin pẹlẹbẹ náà bá wà níwájú píìnì, wọ́n ti tún un ṣe. Bó bá jẹ́ orí píìnì nìkan lẹ rí, ọta márùn-ún ni, ohun yòówù kí oníṣòwò máa wí.

Kí n tó gbàgbé, ọkùnrin yìí tún ń ta Vaquero, ìbọn Ruger mìíràn. Èyí tó jáde ní 1993, férémù ńlá ló ní. New Vaquero tó dé ní 2005 kéré sí i, kò sì lè gba ọta .45 Colt alágbára tí wọ́n ń ṣe fún Ruger oníférémù ńlá. Ó máa ń ta irú ọta bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má gbà á.

Bó bá ní kí ẹ fi Zelle sanwó kí òun fi ìbọn ránṣẹ́ sí ilé yín láti ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ sá. Òfin ìjọba àpapọ̀ ni pé oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ ní ìpínlẹ̀ tiyín ni ìbọn ìléwọ́ gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ gbogbo ọta inú rẹ̀ lónìí, kí ẹ yẹ àlàfo iwájú òòlù yẹn wò. Bí irin pẹlẹbẹ ò bá sí níbẹ̀, ẹ kàn sí Ruger fúnra wọn. Wọn yóò sọ bí ẹ ó ṣe fi ránṣẹ́. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ẹ fẹ́ gba irin àtijọ́ yín padà, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpò kan náà pẹ̀lú ìwé ìbọn náà.