Irinṣẹ́ tó ń yẹ SPF, DKIM àti DMARC wò: èwo ló yẹ kí ẹ sanwó fún?

Láti oṣù kejì ọdún 2024, tí Google ti ní kí ẹni tó bá ń fi ímeèlì 5,000 ránṣẹ́ sí Gmail lóòjọ́ ní SPF, DKIM àti DMARC pé pérépéré, tí Yahoo náà sì gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ jáde, irinṣẹ́ àyẹ̀wò ti pọ̀ bí eṣú. SPF ni àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀rọ tó láṣẹ láti fi orúkọ dóméènì yín (èyí tó wà lẹ́yìn @) ránṣẹ́; DKIM ni ìfọwọ́sí tó wà lára ímeèlì; DMARC ló ń sọ ohun tí olùgbà máa ṣe sí ímeèlì tí kò bá yege. Èmi ni mo ń bójú tó ímeèlì ilé-iṣẹ́ kékeré kan. Mo ti lo oríṣi mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì kó mi sí wàhálà tí mi ò tíì gbàgbé.

Oríṣi kìíní: ẹ ó tẹ orúkọ dóméènì yín sí i, á lọ ka rẹ́kọ́ọ̀dù DNS (àkọsílẹ̀ ìta gbangba tí dóméènì ní lórí íńtánẹ́ẹ̀tì), á sì fi àwọ̀ ewé tàbí pupa dá yín lóhùn. Oríṣi kejì: á fún yín ní àdírẹ́sì kan pé kí ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i, á wá sọ ohun tó bá lára ímeèlì náà gan-an. Mail-tester, tó ń fúnni ní máàkì lórí 10, wà lára wọn. Oríṣi kẹta ń gba ìjábọ̀ DMARC tí Gmail, Yahoo àti àwọn yòókù ń fi ránṣẹ́, lórí àwọn tó ń fi orúkọ dóméènì yín ránṣẹ́, á sì tú XML (kóòdù tí ẹ̀rọ ń kà) inú rẹ̀ sí ohun tójú lè kà.

Tó bá jẹ́ ti ìyára, oríṣi kìíní ló ta yọ. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Ìjábọ̀ tí oríṣi kẹta ń lò sábà máa ń dé lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, nítorí náà ẹ ó ní sùúrù bí ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta. Tó bá jẹ́ ti owó, méjì àkọ́kọ́ máa ń wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìlò díẹ̀. Ẹ̀kẹta ni wọ́n sábà máa ń gbowó lé lóṣooṣù, bí ímeèlì yín bá ṣe pọ̀ tó.

Ẹ fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ń ka SPF. RFC 7208, ìwé ìlànà SPF, sọ pé ohun tó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ DNS nínú SPF kò gbọdọ̀ ju 10 lọ. Include ẹyọ kan (ọ̀rọ̀ tó ń pe SPF ẹlòmíràn wọlé) lè gbé mẹ́ta tàbí mẹ́rin mìíràn pamọ́ sínú. Irinṣẹ́ tó bá ka kìkì èyí tó rí lójú, tí kò wọnú wọn lọ, á sọ fún yín pé 5 ni nígbà tó ti di 12. Ẹ fi èsì rẹ̀ wé ti checkdmarc, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n fi Python kọ.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Àpótí ímeèlì wa wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n òmíràn ló ń bá wa fi ìwé owó ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà. Mo tẹ dóméènì wa sínú irinṣẹ́ oríṣi kìíní: SPF, àwọ̀ ewé; DKIM, àwọ̀ ewé; DMARC, àwọ̀ ewé, pẹ̀lú ìmọ̀ràn pé kí n kúrò ní p=none (ẹ kàn máa wò ó). Mo gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu, mo yí i sí p=reject (ẹ kọ ímeèlì tó bá kùnà).

Lọ́jọ́ karùn-ún ni oníbàárà kan pè: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò fi ìwé owó ránṣẹ́ lóṣù yìí ni?” Kó tó di ọ̀sán, ẹni mẹ́rin ti pè. Mo tún irinṣẹ́ náà ṣí, àwọ̀ ewé ṣì ni gbogbo rẹ̀. Ímeèlì tí wọ́n ń dá padà kò sì dé ọ̀dọ̀ wa, torí Return-Path (àdírẹ́sì ìdápadà tó fara pamọ́ sínú ímeèlì) ni irú ìfitónilétí bẹ́ẹ̀ ń lọ, ti ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa ránṣẹ́ sì ni Return-Path náà.

Mo wá ìwé owó oṣù tó kọjá jáde nínú Gmail tèmi, mo tẹ “Show original”. SPF: PASS. DKIM: PASS, pẹ̀lú orúkọ dóméènì àwọn tó ń bá wa ránṣẹ́. DMARC: FAIL. Ìlà mẹ́ta yẹn ni mo jókòó wò fún ìgbà pípẹ́. Ìwé ẹ̀rí méjèèjì kì í ṣe ayédèrú, àmọ́ orúkọ ẹlòmíràn ló wà lára wọn. DMARC fẹ́ kí dóméènì inú From (àdírẹ́sì olùfiránṣẹ́ tójú ń rí) bá ti Return-Path mu, tàbí kó bá d= (dóméènì tó fọwọ́ sí i) tó wà nínú ìfọwọ́sí DKIM mu. Tiwa kò bá ìkankan mu.

Irinṣẹ́ tó ń ka DNS nìkan kò lè rí èyí láéláé, torí ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú DNS. Ara ímeèlì ló wà. Kódà kò lè dá selector DKIM yín (orúkọ tí kọ́kọ́rọ́ ìfọwọ́sí náà ń jẹ́ nínú DNS) mọ̀. Ńṣe ló ń méfò bíi “google”, “default” àti “selector1”. Bí kò bá bá a, á ní ẹ ò ní DKIM.

Mo dá DMARC padà sí p=none, mo fi àwọn CNAME (rẹ́kọ́ọ̀dù tó ń tọ́ka sí tiwọn) tí ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa ránṣẹ́ fún wa sínú DNS kí wọ́n lè fi dóméènì tiwa fọwọ́ sí i. Mo wá ń pe àwọn oníbàárà lọ́kọ̀ọ̀kan láti bẹ̀ wọ́n. Owó oṣù yẹn pẹ́ kó tó wọlé.

Oríṣi kejì ì bá gbà mí sílẹ̀, bí mo bá fi ìwé owó gidi dán an wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi àpótí tiwọn ránṣẹ́ sí i, tí wọ́n gba 10 lórí 10, tí wọ́n sì gbàgbé gbogbo ẹlòmíràn tó ń fi orúkọ wọn ránṣẹ́. Ta ló lè rántí gbogbo wọn? Nínú ìjábọ̀ àkọ́kọ́ tí oríṣi kẹta kó jọ fún mi ni mo ti rí IP (nọ́ńbà ẹ̀rọ tó ránṣẹ́) kan tí mi ò mọ̀ rí, ímeèlì 37, DKIM fail, SPF fail. Fọ́ọ̀mù “kàn sí wa” tó wà lórí ìkànnì wa ni! Kò sẹ́ni tó rántí pé ó ń fi ímeèlì ránṣẹ́.

Ìjábọ̀ náà kò gbé ọ̀rọ̀ inú ímeèlì yín síta o. IP, iye àti àbájáde ló wà níbẹ̀. Tí ẹ bá mọ Linux lò, parsedmarc lè kà á fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wúlò. Ẹ lo ti kìíní láti rí àṣìṣe ìkọ̀wé, bíi SPF méjì lórí dóméènì kan, ẹ lo ti kejì lọ́jọ́ tí ẹ bá gba ilé-iṣẹ́ tuntun. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹyọ kan lowó yín ká, kí ẹ tó san án, ẹ ní kí olùtà náà fi From àti d= ímeèlì kan hàn yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, láti orísun tí ẹ kò fúnra yín tọ́ka sí. Bí kò bá rí i fi hàn, ẹ di owó yín mú.